Ọdún Tí Mo Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Ilé Mi Wò

Sọ́ńdè, 5 Méè 2024

Òjò kò dá láti ìdájí. Típà kan ṣoṣo ló wá gbé yanrìn ní Èbúté, awakọ̀ rẹ̀ sì ń ráhùn bí ẹni tí wọ́n jí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ gbé. Mo ní kó máa lọ. Èmi tí mo ti ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rì lọ sísàlẹ̀ ọ̀sà ní Ibeshe láti bu yanrìn kí n tó hu irùngbọ̀n, èmi ló fẹ́ máa sọ ti òjò fún.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì Fàlílà, ọmọ Kabir ọmọ mi, wú. Ìyá Kabir ní eyín ni, pé méjì ti ń mì. Mo ní kí wọ́n fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ẹnu rẹ̀. Eyín kì í dun ẹnikẹ́ni nínú ìran mi. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo ṣì ń fi eyín ṣí ìdérí mílíńdà kí àwọn ọmọ lè pàtẹ́wọ́ fún mi.

Orúkọ ìyá mi ni ọmọ náà ń jẹ́, Fàlílátù. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, àlùfáà ti mú dàbínò dání, ó fẹ́ rún un sí ọmọ lẹ́nu bí súnnà ṣe wí. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ìwọ tí ò ń gba sàráà kiri, ìwà tìrẹ ni kí ọmọ mi mú?" Èmi ni mo rún un, èmi ni mo fi ìka rà á mọ́ ọn ní àjà ẹnu. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́n ju gbogbo wọn lọ.

Tọ́sìdé, 9 Méè

Nọ́ọ̀sì àdúgbò tí wọ́n gbé Fàlílà lọ bá ní ibà ni, ó fún un ní oògùn. Ibà wo ló ń wú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan?

Jímọ̀, 17 Méè

Wíwú náà ti tó ọsàn, ó ti ń ti ojú òsì rẹ̀ sókè. Kabir dọ̀bálẹ̀ ní kí a gbé e sọdá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá l'Ékòó. Mo gbà. Mo bá wọn lọ, torí bí mi ò bá sí níbẹ̀, ta ni yóò dá Kabir lóhùn? Ohùn rẹ̀ dà bí ti adìyẹ tí òjò pa. Èmi ni mo bí i, mi ò mọ ibi tó ti rí ohùn yẹn.

Ọkọ̀ ojú omi kún. Mo ní kí wọ́n dìde fún ọmọ mi, wọ́n dìde.

Ọmọdébìnrin kan ni wọ́n ní ó jẹ́ dókítà, Fisáyọ̀ lorúkọ rẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀.

"Àgbà yín dà?"

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó. Èmi náà ni àgbà tó wà níbí lónìí."

Wọ́n gé ẹran bíńtín lára wíwú náà, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Fàlílà kò sunkún. Ó wo ẹ̀jẹ̀ nínú ìgò, ó bi mí pé, "Bàbá àgbà, ṣé wọ́n á dá a padà?" Mo ní wọ́n á dá a padà.

Mọ́ńdè, 27 Méè

Èsì ti jáde. Dókítà Fisáyọ̀ fún èmi, Kabir àti ìyàwó rẹ̀ Morádéyọ̀ níjòkòó.

Ó ní jẹjẹrẹ ni. Ó ní ó máa ń mú àwọn ọmọdé nílẹ̀ wa yìí ní àgbọ̀n, pé ó ń sáré bí iná inú pápá, ṣùgbọ́n bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn, ó máa ń gbọ́. "Ẹ gbé e wá ní Tọ́sìdé. Mo ti bá a wá bẹ́ẹ̀dì."

Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó wọ̀ mí létí. Ó ní wọ́n rí àmì kòkòrò kan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kòkòrò tí ó máa ń bá irú jẹjẹrẹ yìí rìn. Ẹ́písítáìnì-Báà ni ó pè é, orúkọ òyìnbó méjì tí wọ́n so pọ̀ bí ẹran ọdún.

Mo ní, "Ibo ló gbà wọlé?"

"Inú itọ́ ló ń gbé, Bàbá. Ẹnu dé ẹnu ló ń rìn."

"Ẹnu ta ni?"

"Kò sí ẹni tí a lè dá lẹ́bi. Gbogbo àwọn tó jókòó síta yẹn, àgbà àti ọmọdé, bí a bá fa ẹ̀jẹ̀ wọn, bóyá la ò ní bá a lára gbogbo wọn. Kì í pa ọ̀pọ̀ èèyàn lára títí wọ́n fi ń kú. Ẹran tí a gé ló sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ yẹn."

"Ọmọ yìí, ẹnu ta ni mo bi ọ́."

Ó yí ojú sí Kabir. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí èyí gba àkókò yín o. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló ṣe pàtàkì."

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ bọ̀, mo rí ohun tí mo rí. Ẹnu Fàlílà kò ṣí dáadáa mọ́. Morádéyọ̀ bu búrẹ́dì sẹ́nu ara rẹ̀, ó jẹ ẹ́ títí ó fi rọ̀, ó yọ ọ́, ó fi í sí ọmọ lẹ́nu. Ní ojú mi níbẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀. Omi ló wà lábẹ́ wa.

Túsìdé, 28 Méè

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí mo fi pè wọ́n sí pálọ̀.

"Kí lo fi sí ọmọ mi lẹ́nu lánàá?"

"Búrẹ́dì ni, Bàbá."

"Inú ẹnu ta ló ti jáde?"

Ó wo ilẹ̀. "Inú ẹnu mi, Bàbá."

"Nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ta ló ń fi ẹnu tọ́ ẹ̀kọ wò?"

"Èmi ni. Kó má baà jó o ni."

"Ikun imú rẹ̀ ńkọ́? Ta ló ń fi ẹnu fà á?"

"Èmi ni, Bàbá. Gbogbo ìyá ló ń ṣe é."

Mo ní, "Ọmọ àyálégbé. Yàrá kan ni bàbá rẹ tó ti Ìkirè wá háyà ní Agric, ibẹ̀ ló kú sí. Mo mú ọ wọ ilé alájà mẹ́ta. Ẹnu tí o fi dúpẹ́ nìyẹn?"

Kabir ní, "Bàbá, dókítà ní kò sí ẹni tí—"

"Ta ló ni típà tí ò ń wà?"

Mo là á yé wọn. Àwa ọmọ Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé ọkọ̀ tó bá ń jò, ihò rẹ̀ la kọ́kọ́ ń wá. Òmùgọ̀ ní í fi igbá gbọ́n omi tí ihò ṣì là sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi oògùn fọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ mọ́, tó padà sílé wá bá ẹnu tó kó o ràn án, iṣẹ́ kí la ṣe? A ó yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ilé wò. Tí a bá mọ ẹnu náà, tí ó jáde, nígbà náà ni ọmọ yóò lọ gba oògùn. Títí dìgbà yẹn, kí Morádéyọ̀ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Làtífátù, ní Ẹ̀pẹ́.

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé e lọ ní Tọ́sìdé, Bàbá mi. Lẹ́yìn náà kí n lọ sí ibi tó bá wù yín."

Mo ní rárá. Mo rán awakọ̀ kó gbé e. Ó ń wo ẹ̀yìn títí wọ́n fi yí kọ̀rọ̀.

Fàlílà sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Mo gbé e sórí itan, mo kọ́ ọ ní eré kan: bí ẹnikẹ́ni bá gbé ẹnu sún mọ́ ọn, kíá, ọwọ́ bo ẹnu. Mo sún mọ́ ọn, ó bò ó. Mo pàtẹ́wọ́. Ìyá Kabir sún mọ́ ọn, ó bò ó, ó ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ọwọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ ọ́. Orí mi ló mú.

Tọ́sìdé, 30 Méè

Ọjọ́ bẹ́ẹ̀dì. A ò lọ.

Mo pe Olúṣèyí tó ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní Agric. Ó gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ wá. Ó ní òun kò ní ohun èlò àyẹ̀wò yìí lọ́dọ̀, òun yóò fi ránṣẹ́ sí ibi tó ju tòun lọ, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ó tún ní, "Alájì, ẹ̀jẹ̀ yìí ò lè sọ ẹni tó kó o ran ẹlòmíràn o. Kò ju pé ó wà lára tàbí kò sí."

Mo ní ẹ̀jẹ̀ ni mo pè é wá fà, mi ò pè é wá ṣe wáàsí.

Èmi ni mo kọ́kọ́ na apá. Mi ò ṣẹ́jú. Lẹ́yìn mi, Ìyá Kabir, Kabir, àbúrò rẹ̀ Ìdrís àti ìyàwó rẹ̀, àti awakọ̀ mi, torí ó máa ń bu omi mu níbí.

Nígbà tí ó parí, mo gbé Kùránì, mo búra lójú gbogbo wọn. Mo ní, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kó nǹkan yìí ran ọmọ yìí, ì báà ṣe ìyá tó bí mi ló jí dìde, kò ní fẹnu kan ẹran Iléyá mi, kò sì ní sùn lábẹ́ òrùlé mi títí ọmọ yóò fi sàn. Wọ́n ṣe àmí. Ilé tí kò bẹ̀rù baálé, ọjà ni.

Sọ́ńdè, 2 Júùnù

Mo mú Olúṣèyí lọ sí Ẹ̀pẹ́ fún ẹ̀jẹ̀ Morádéyọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà nídìí ẹja tó ń yan. Èéfín bò ó, ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

"Bùsàrí, wọ́n ní o ti di ẹ̀fọn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Ẹ jẹ́ kó gba tiyín náà."

"Tèmi? Ẹ̀jẹ̀ mi kò sí lára yanrìn tí ò ń tà. Ọmọ tó ń ṣàìsàn ńkọ́? Ibo lo gbé e sí tí o fi ń gbé abẹ́rẹ́ kiri ọ̀dọ̀ àwọn tí ara wọn le?"

Òun nìkan ló kù láyé tó ń pè mí ní Bùsàrí láìfi Alájì ṣáájú.

Morádéyọ̀ na apá kó tó di pé wọ́n ní kó nà án. Ó ti rù. Ó ní, "Bàbá, ṣé ó ń jẹun?"

Mo ní ó ń jẹun.

Kò jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n lé jáde, kí ló kàn án nípa abọ́?

Wẹ́sìdé, 5 Júùnù

Ẹ̀kọ ń ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Ìyá Kabir ń fi ṣíbí kékeré bù ú fún un, bí ẹni ń fún ẹyẹ lómi.

Sátidé, 8 Júùnù

Dókítà kékeré yẹn pe fóònù Kabir. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, wọ́n ti fi bẹ́ẹ̀dì yẹn fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ gbé e wá, a ó wá ibi tí a ó tẹ́ ẹ sí. Wíwú yìí kì í dúró de èèyàn. Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ojú rẹ̀ wà níbi tí Ọlọ́run fi sí."

"Bàbá, mo bẹ̀ yín."

Mo pa fóònù náà. Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe oògùn. Kabir dúró níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì là sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan.

Túsìdé, 11 Júùnù

Olúṣèyí pè. Èsì ti dé. Ó ní, "Alájì, ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ́ fún yín ní kọ̀rọ̀."

Mo ní kọ̀rọ̀ wo? Ó ku ọjọ́ díẹ̀ sí Iléyá, gbogbo ẹbí ń bọ̀. Níwájú wọn ni yóò ti kà á, kí ẹni tó bá ń lọ lè lọ lójú gbogbo ayé, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Bùsàrí ló gbìmọ̀ lé e jáde.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀, Alájì."

Èmi ni mo mọ̀.

Jímọ̀, 14 Júùnù

Àgbò ọdún yìí kì í ṣe fún ọmọdé. Èyí tí kò ju ajá lọ, wọ́n ń pè é ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà. Ojú ń ti àwọn olówó àdúgbò, wọ́n ń dá owó jọ ra màlúù. Mo ra ńlá, oníwo méjì tó ká bí okùn ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n ń wọ́ ọ gba ojú títì, ọkùnrin méjì dìde láti wò ó.

Mo gbé Fàlílà wá síbi fèrèsé kó rí i. Ó fi ojú ọ̀tún wò ó. Òsì ti pa dé.

Sọ́ńdè, 16 Júùnù, ọjọ́ Iléyá

Mo ń kọ èyí ní Ẹ̀pẹ́.

A kírun ní yídì, a bọ̀, wọ́n dúńbú àgbò. Ẹbí kún àgbàlá. Mo háyà ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo pe àwọn aládùúgbò náà, torí ọ̀rọ̀ òtítọ́ kì í bẹ̀rù etí. Ẹ̀gbọ́n mi ti Ẹ̀pẹ́ wá, òun àti Morádéyọ̀ tí mo ní kó mú wá gbọ́ ìdájọ́ rẹ̀.

Bí Morádéyọ̀ ṣe wọlé báyìí, Fàlílà bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Kabir. Mi ò mọ̀ pé ó ṣì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé e, ó wo ojú rẹ̀. Ó gbé ẹnu lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú náà. Mo ní, "Fàlílà! Ọwọ́ dà?" Ọmọ náà kò bo ẹnu.

Olúṣèyí sún mọ́ mi. "Alájì, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká wọlé ná."

Mo fi gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́. "Bẹ̀rẹ̀ láti orí èmi baálé, kí wọ́n lè gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ tó mọ́ ṣe ń dún."

Ó ya àpòòwé. Ó ní, "Alájì Bùsàrí. Ó wà. Ti àtijọ́ ni."

Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Ohùn náà lọ títí dé ojú títì.

Ìyá Kabir. Ó wà. Kabir. Ó wà. Ìdrís àti ìyàwó rẹ̀, ó wà lára àwọn méjèèjì. Awakọ̀. Ó wà. Morádéyọ̀. Ó wà. Gbogbo rẹ̀ ni ó ń pè ní ti àtijọ́, pé ó ti pẹ́ lára.

Mo ní, "Ìwọ tí ò ń kà á ńkọ́?"

"Èmi náà, Alájì. Mo ti yẹ ara mi wò nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mi ò tíì mọ ẹni náà. Màá mọ̀ ọ́n.

Mo ní bó bá jẹ́ pé gbogbo ènìyàn ló ní in, a jẹ́ pé kò sí ẹnu kan, kí wọ́n bu ẹran. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ti dìde. Kò béèrè gbohùngbohùn. Àwa tí a dàgbà létí omi, ohùn wa kì í béèrè ẹ̀rọ.

"Bùsàrí. Ta ló rún dàbínò sí Fàlílátù lẹ́nu?"

Kò dúró gba ìdáhùn.

"Mo wà níbẹ̀. Ọmọ kò tíì mọ adùn ọmú dáadáa. Àlùfáà fẹ́ ṣe é, o já a gbà. O ní kó lè ní ẹnu bíi tìẹ. Ẹnu ta ló kọ́kọ́ wọ ẹnu ọmọ yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n, súnnà ni."

"Mo mọ̀ pé súnnà ni. Búrẹ́dì ìyá rẹ̀ náà, àánú ni. Dókítà sọ fún yín pé kò sí ẹlẹ́bi. Ìwọ lo ní dandan ni kó wà. Ìwọ lo gbé Kùránì. Ó dáa, a ti bá ọ wá a rí."

Mo wo Kabir. Kabir kò wò mí, ọmọ ló ń wò. Mo wo Ìyá Kabir. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ obìnrin yìí, kò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi rí. Ó dìde, ó wọlé. Nígbà tó jáde, báàgì tí mo gbé lọ sí Mẹ́kà ló gbé lọ́wọ́. Ó ti di aṣọ mi sí i, ó fi orín mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Alájì," ló wí, "ẹ̀yin lẹ búra. Èmi kọ́ ni mo búra fún yín."

Morádéyọ̀ gbé ọmọ kọ́ èjìká. Kò pariwo. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ má bínú. Mi ò lé yín o. Ẹ sún díẹ̀ lójú ọ̀nà kí n ráyè gbé ọmọ mi kọjá."

Mo sún.

Wọ́n lọ, òun àti Kabir, lọ́jọ́ ọdún, àwo ẹran wà nílẹ̀.

Kí ẹni tó bá máa kà á mọ̀: kò sí ẹni tó lé Bùsàrí. Ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́, ta ni yóò lé mi níbẹ̀? Èmi ni mo gbé báàgì mi. Ọkùnrin tó bá búra ní í mú un ṣẹ. Àgbò náà sanra. Mi ò tọ́ ọ wò.

Túsìdé, 18 Júùnù

Wọ́n ti tẹ́ ẹ sí bẹ́ẹ̀dì. Omi oògùn ti ń kán sí i lára. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbọ́. Èmi kọ́ ni wọ́n pè.

Sátidé, 22 Júùnù

Yàrá tí Morádéyọ̀ sùn ni wọ́n fún mi. Ó kan ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja, èéfín ń gba ojú fèrèsé wọlé. Mo rí aṣọ Fàlílà kékeré kan lábẹ́ ìrọ̀rí. Obìnrin náà gbé e wá láti fi sùn. Mo dá a padà síbi tí mo ti rí i.

Wẹ́sìdé, 3 Júláì

Òjò, òjò, òjò. Kò sí ẹja. Mo pe Kabir títí ó fi gbé e.

"Báwo ni Fàlílà?"

"Wíwú ti ń fà sẹ́yìn, Bàbá. Dókítà ní ó ń gbọ́ oògùn."

"Ara ìran mi ni. Ara wa kì í kọ oògùn."

Ó ní, "Ojú òsì kò ríran mọ́. Wọ́n ní wíwú náà ti tẹ iṣan rẹ̀ pa kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ní bí a bá mú un wá ní Tọ́sìdé tí wọ́n sọ—"

Mo ní, "Típà ńkọ́? Ta ló ń kó yanrìn?"

"Mo ti fún Ìdrís ní kọ́kọ́rọ́ típà yín. Mo ti rí iṣẹ́ ibòmíràn. Ó dàárọ̀, Bàbá."

Ohùn rẹ̀ kò dà bíi ti adìyẹ mọ́. Mo fẹ́ bínú, mi ò rí ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.

Jímọ̀, 12 Júláì

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Alájì yanrìn, wá bá mi ha ẹja, kó o má baà jókòó bí ère." Mo ha á. Mo yá ju gbogbo àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ lọ. Kò yìn mí. Mo bi í bóyá dàbínò ló ṣe é lóòótọ́.

Ó ní, "Háà! Àwọn ọmọ mélòó lo ti rún dàbínò fún? Kò ṣe wọ́n. Ta ló mọ ohun tó ṣe é?"

"Kí ló dé tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀ láàárín àwùjọ?"

"Kó o lè kúrò lójú ọ̀nà." Ó ju ẹja sínú abọ́. "Ọ̀nà míì wo ló wà tí a fi lè gbé ọ kúrò níbẹ̀?"

Sátidé, 20 Júláì

Mo rán awakọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú èso, mílíìkì àti bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì tuntun. Ó kó bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì padà wá. Ó ní Ìyàwó Kabir ní mo ṣeun, ọmọ ti ní.

Sọ́ńdè, 28 Júláì

Irun rẹ̀ ti re tán. Ìyá Kabir ló sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n á tún fa omi oògùn sí i lára sí i, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó lọ pátápátá. Mo wà nílé, wọ́n ń sọ ọ́ lójú mi bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀.

Sátidé, 10 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wọ́n wá.

Dókítà fún Fàlílà láàyè ọjọ́ díẹ̀, ọmọ náà ní òun fẹ́ rí omi. Kabir gbé e wá, Morádéyọ̀ tẹ̀lé wọn. Láti àná tí mo ti gbọ́ ni mo ti wẹ̀, mo wọ agbádá, mo rin orín títí eyín mi fi ń dán. Mo rán ènìyàn lọ ra dàbínò, èyí tó rọ̀ jù lọ.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti rọ. Ojú rẹ̀ ti padà sí ojú ìyá mi, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àfi òsì tó dúró lójú kan. Wọ́n we gèlè kékeré mọ́ ọn lórí. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, ó ń wo ẹja. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ èéfín kúrò lójú rẹ̀, ó bu ẹja gbígbóná sẹ́nu ara rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti tutù, ó fi ìyókù sí ọmọ lẹ́nu. Ó jẹ ẹ́. Ó mu omi nínú ife tí ìyá rẹ̀ mu kù.

Mo mú dàbínò kan. Ìka mi ni mo fi là á, mi ò gbé e dé ẹ̀bá ẹnu mi. Mo yọ kóró rẹ̀, mo fọ ọwọ́ mi lójú gbogbo wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀. Eékún mi dún.

Mo ní, "Ìyá mi. Fàlílátù. Gbà."

Ó yí orí kí ojú tó kù lè rí mi dáadáa. Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi bo ẹnu.

Morádéyọ̀ ní, "Fàlílà, bàbá àgbà ni o. Kò burú. Gbà á."

Kò sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Ọmọ tó gbọ́ràn ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ ọ́ fún un.